Ilẹ̀ Tí Jay-Jay Ń Tẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ máa ń wọ bọ́ọ̀sì ní TBS, ẹ gbójú sókè lọ́jọ́ kan kí ẹ wo àwọn ère ẹṣin funfun tó wà lókè ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán o. Ibi tí a ti ń du bọ́ọ̀sì Ajah mọ́ra wa lọ́wọ́ yẹn, pápá eré ẹṣin ni tẹ́lẹ̀. Race Course ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, tí wọ́n fa tiwa sókè, lóru ọjọ́ tó mú 1 October 1960 wọlé. Nígbà tó di 1972, láyé Gowon, wọ́n kọ́ gbàgede ńlá sórí ẹ̀, wọ́n fi orúkọ Tafawa Balewa pè é. Koríko lọ, kọnkéré dé, ẹṣin di ère. Ó yé mi dáadáa. Kò sí ẹṣin tó lè sáré lórí kọnkéré kó pẹ́ láyé.

Ẹ lè máa wò ó pé kí ló kan ọmọ Ajah bíi tèmi nínú ọ̀rọ̀ ẹṣin. Ẹ ní sùúrù. Owó ilé-ìwé mi ló kàn.

Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo àdúgbò wa lẹ́yìn Ìlàjẹ ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Ẹlẹ́ṣin, ọlọ́kadà ni tẹ́lẹ̀. Jakande sí Ajah, Ajah sí Badore, kò sí kòtò tí kò mọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Òun ló ń san owó ilé-ìwé mi láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wá fòfin de ọ̀kadà ní Etí-Ọ̀sà àti ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún mìíràn ní 1 June 2022, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo máṣíìnì ẹ̀ bí ẹni ń wo òkú. Lọ́jọ́ kan ó dìde, ó tà á, ó kó owó àjọ lé e, ó ra ẹṣin. Màmá mi pariwo! "Ìwọ tí o ò gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rí!" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀kadà náà, ẹ ṣe bí mo gùn ún wá láti ọ̀run ni?"

Ẹni tó mú un wọ iṣẹ́ náà ni Mallam, ará Katsina, tó ti ń fi ẹṣin ṣiṣẹ́ ní Bar Beach kí wọ́n tó kó yanrìn dí ojú òkun ibẹ̀ láti kọ́ Eko Atlantic. Nígbà tí ìyẹn bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó kó ẹṣin ẹ̀ wá sí Lekki. Yorùbá ẹ̀ já gaara, ó máa ń pa òwe fún èmi tí mò ń kọ́ èdè ní yunifásítì, á sì ní kí n túmọ̀ ẹ̀. Òun ló bá Bọ̀ọ̀dá mi yan ẹṣin náà, tírélà ló gbé e wálé láti òkè. Ẹṣin pupa ni, ó ní àmì funfun níwájú orí, ó sì máa ń fi ẹsẹ̀ dárà bí wọ́n bá ti ń fà á. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ àdúgbò fi sọ ọ́ ní Jay-Jay, torí Okocha.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi fẹ́ kí Jay-Jay bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì tó dé. Mallam ní rárá, oṣù méjì ni yóò kọ́kọ́ fi rìn lásán. "Mallam, ẹṣin ni mo rà, mi ò ra ọmọ ìkókó." Mallam ní, "Ọ̀gá, ẹsẹ̀ ẹ̀ kò tíì mọ yanrìn. Ilẹ̀ líle ló ti wá. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀ kọ́ èdè ibí."

Ẹ̀rín ni mo fi í rín nígbà yẹn, àmọ́ nígbà tí mo wá ń wádìí ọ̀rọ̀ náà fúnra mi, mo rí i pé àwọn onímọ̀ ń sọ ohun kan náà. Egungun kì í ṣe igi. Ohun abẹ̀mí ni, ó ń tún ara ẹ̀ mọ bí ilẹ̀ bá ṣe ń gbá a. Ẹṣin tó ń fi gbogbo ìgbà sáré lórí ilẹ̀ kan, egungun ẹ̀ á le níbi tí ilẹ̀ yẹn ti ń gbá a. Bí ẹ bá wá gbé e sórí ilẹ̀ mìíràn lójijì, ibi tí kò tíì múra sílẹ̀ ni ìnira máa já sí. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀, ó máa ń gba oṣù. Iṣan tiẹ̀ wá lọ́ra ju egungun lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ sáyẹ́ǹsì ẹ dára yá o. Ká ní ẹṣin wọn kílò 400. Bó bá ń sá eré àsápajúdé, ìgbà kan wà tó jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, ohun tó sì ń já lé ẹsẹ̀ yẹn máa ń tó ìlọ́po méjì àbọ̀ ìwọ̀n ara ẹ̀. Kílò 1,000 nìyẹn, ogún àpò sìmẹ́ńtì lórí pátákò kan tí kò fẹ̀ ju àwo ọbẹ̀ lọ. Ibo ni ìwúwo yẹn máa lọ? Bí ilẹ̀ bá le jù, á padà sókè wọ inú egungun. Bí ilẹ̀ bá rọ̀ jù, pátákò á rì, á máa yọ̀ sẹ́yìn, iṣan tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ á máa nà kọjá ibi tó yẹ, gbogbo ara á sì máa ṣe iṣẹ́ onílọ̀ọ́po láti fa ẹsẹ̀ yọ. Ẹni tó bá ti sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù létí òkun mọ ohun tí mò ń sọ, pàápàá bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò lè dìde lórí ẹní.

Ẹ ó wá ní, ṣebí yanrìn náà ni yanrìn? Irọ́ ni. Ẹ rántí gàrí. (Gàrí jíjẹ ni mò ń wí o, kì í ṣe gàárì ẹṣin.) Bó bá gbẹ, ṣe ló ń ṣàn lọ́wọ́. Bí ẹ bá wọ́n omi díẹ̀ sí i, á dì, ẹ lè fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó má fọ́. Bí omi bá wá pọ̀, ó ti di mímu nìyẹn, kò ní ara mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni etí òkun Lekki ṣe rí. Òkè, níbi tí wọ́n ń ta àgbò àti tábìlì sí, gbígbẹ ni, ó jìn, ó ń gbé ẹsẹ̀ mì. Ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ìgbì ti ń fọ́, ó ń yọ̀. Àárín méjèèjì ni ọ̀nà kan wà tí òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, omi tó kù nínú ẹ̀ ló di horo yanrìn mú mọ́ra, ó le níwọ̀nba, ó sì tún ń fún ẹsẹ̀ láyè. Ọ̀nà yẹn ni Mallam ń pè ní "títì Ọlọ́run."

Títì Ọlọ́run yìí kì í dúró síbì kan. Òkun ń kún ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àkókò ẹ̀ sì ń sún síwájú ní bíi ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́. Bí òṣùpá bá lé tuntun tàbí tó bá di àranmọ́jú, òkun máa ń fà jìnnà, ilẹ̀ dáadáa á fẹ̀. Bí òṣùpá bá dá sí méjì, kì í fà púpọ̀, ilẹ̀ á tín-ín-rín. Mallam kò ní ìwé kankan tó kọ èyí sí. Á kàn wo ojú ọ̀run lálẹ́, á ní, "Lọ́la, aago méje ààbọ̀." Bọ̀ọ̀dá mi a gbé aago sí fóònù. Láàárín 2022 sí òpin 2023, iṣẹ́ náà lọ bó ṣe yẹ. Wọ́n máa ń da ẹṣin jáde kí oòrùn tó mú, àwọn àlejò a gùn ún lọ gùn ún bọ̀ lórí ilẹ̀ tútù yẹn, ẹgbẹ̀rún méjì náírà lẹ́ẹ̀kan. Mo san owó 100 level pé, mo ra hand-out, mo tiẹ̀ tún ra bàtà.

Nígbà tó di December 2023, tí àwọn ará òkè òkun ti dé bí eṣú, máníjà bíìṣì tí wọ́n ń lò (mi ò ní dárúkọ ibẹ̀) gbé òfin tuntun jáde. Ẹṣin kankan kò gbọdọ̀ gba ìsàlẹ̀ mọ́. Ìgbẹ́ ẹṣin ń ba fọ́tò àlejò jẹ́, ó ní. Kí gbogbo ẹlẹ́ṣin bọ́ sókè, sẹ́yìn àwọn tábìlì. Lórí yanrìn gbígbẹ nìyẹn o, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, èèyàn á bọ́ sílẹ̀, òmíràn á gorí. Mallam lọ bá a, ó ṣàlàyé, kò gbọ́. "Yanrìn ni yanrìn, Mallam. Tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ lọ." Àjọ ti ń dúró de Bọ̀ọ̀dá mi, owó 200 level mi náà ti ń dúró. Wọn ò lọ.

Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ náà gùn. Lọ́sẹ̀ kejì January, ní ìdájí, Mallam kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú, ti òsì, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó tún fi kàn án. Ó ní kí èmi náà fọwọ́ kàn án. Ó gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe. Jay-Jay kò tíì tiro rárá o! Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Dókítà ẹran wá, ó ní iṣan ló ti ṣẹ́ nínú, oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, kó má sáré, kó má gbé èèyàn. Bọ̀ọ̀dá mi bi í pé, "Dókítà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin mítà péré náà ńkọ́, lọ bọ̀?" Dókítà wò ó. Ó gba owó ẹ̀, ó lọ.

Àsìkò yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, lórí fóònù, lálẹ́, nígbà tí kò sí ohun tí mo tún lè ṣe. Mo máa ń ka á sétí àwọn méjèèjì lẹ́yìn ilé. Mo rí i pé gbogbo ayé ló ń jà lórí ilẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, erùpẹ̀ ni wọ́n fi ń sáré jù, ní Yúróòpù, koríko ni. Àwọn kan wá pò yanrìn pọ̀ mọ́ ìda àti òwú àtọwọ́dá, kí òjò má baà rí i mú. Keeneland ní Kentucky gbé irú ẹ̀ sílẹ̀ ní 2006, wọ́n tún kó o kúrò ní 2014, wọ́n padà sí erùpẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n sì ti ń kó jọ lọ́hùn-ún láti 2009 fi hàn pé ẹṣin tó ń kú lórí ilẹ̀ àtọwọ́dá yẹn kéré sí èyí tó ń kú lórí erùpẹ̀. Ẹ rí ọmọ aráyé! Ní Santa Anita, California, òjò rọ̀ gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019. Láti December 2018 títí di June 2019, ẹṣin 30 ló kú níbẹ̀, wọ́n ti pápá pa ní March láti yẹ ilẹ̀ ẹ̀ wò. Kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ló ń pa ẹṣin, oògùn àti ìwọra náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ wò.

Àwọn baba ńlá wa náà ò ṣàìmọ̀. Ọ̀yọ́ Ilé fi ẹṣin jọba lórí ilẹ̀ ọ̀dàn, àmọ́ bí ẹṣin bá ti wọ igbó, kòkòrò á pa á, igi á dí i. Ní Òṣogbo, ní nǹkan bíi 1840, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin pàdé àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹ sì mọ ẹni tó sá. Mallam kò fẹ́ràn ìtàn yìí. Ó ní kí n ka òmíràn.

Mo wá ka ti Red Rum. Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ èyí. Ní Southport, létí òkun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ginger McCain. Ó ń wa takisí, ó ń ta mọ́tò, ilé ẹṣin ẹ̀ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mọ́tò ẹ̀. Ní 1972 ó bá ọ̀gá àgbà kan ra ẹṣin tí egungun inú pátákò ẹ̀ ń ṣàìsàn. Kò ní pápá koríko bíi ti àwọn olówó. Etí òkun ló ń da ẹṣin lọ, á sáré lórí yanrìn tútù, á tún rìn nínú omi iyọ̀. Ẹṣin yẹn gba Grand National ní 1973, ó gbà á ní 1974, ó ṣe ipò kejì ní 1975 àti 1976, ó tún gbà á ní 1977. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sí ẹṣin mìíràn tó tíì gbà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Bọ̀ọ̀dá mi dìde dúró. "Takisí? Onítakisí ni?" Ó ní kí n ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mallam ní tiẹ̀ kàn mi orí. Ó ní, "Ta ló kọ́ òyìnbó yẹn? Hausa kan ti gba ibẹ̀ kọjá."

Láti ọjọ́ kejì, ní ìdájí, Mallam a fa Jay-Jay lọ sínú òkun, omi á dé orúnkún ẹ̀, wọ́n á dúró síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n á rìn díẹ̀ lórí títì Ọlọ́run, wọ́n á padà sílé. Ṣé omi iyọ̀ yẹn ló wò ó sàn ni, àbí ìsinmi? Ìsinmi ni mo gbà gbọ́ jù. Omi tútù ń mú wíwú lọ sílẹ̀, ó dára, àmọ́ iṣan kì í gba ìkánjú. Mallam kò gbà pẹ̀lú mi, mi ò sì bá a jà.

Owó ńkọ́? Kò sí. Ìdajì owó ilé-ìwé ni mo san, màmá mi yá a lọ́wọ́ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn ní ọjà Ajah, mo sì forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú owó ìtanràn. Nígbà ìdánwò, wọ́n lé mi jáde lẹ́ẹ̀kan kí n tó mú rìsíìtì wá. Bọ̀ọ̀dá mi lọ ń ti bárò yanrìn àti búlọ́ọ̀kù ní Sangotedo. Ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá ara ẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá. Bó bá dé lálẹ́, á kọ́kọ́ lọ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Jay-Jay kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ẹnì kan tó ń ta ẹran wá bá a nígbà yẹn. Ẹ mọ irú ẹran tí mò ń sọ. Owó gidi ló gbé kalẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi kò bá wa sọ ọ́, Mallam ló sọ fún mi lẹ́yìn oṣù púpọ̀, ó ní ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó dá a padà.

Èmi náà ṣe ohun tí ọmọ ìwé lè ṣe. Mo kọ lẹ́tà sí máníjà yẹn lórúkọ gbogbo ẹlẹ́ṣin ibẹ̀, ní òyìnbó tó dán, ojú ewé méjì. Mo kọ nípa Laytown ní Ireland, níbi tí wọ́n ti ń sá eré ẹṣin létí òkun láti 1868, tí wọ́n ń dúró de kí òkun fà kí wọ́n tó ri òpó mọ́lẹ̀, àti bó ṣe jẹ́ pé lẹ́yìn jàǹbá kan ní 1994 wọ́n yọ kọ́nà kúrò, tí eré di gbọọrọ. Mo kọ pé àwọn fẹ́ ìsàlẹ̀ láti ìdájí sí aago mẹ́sàn-án nìkan, àwọn á sì gbá ìgbẹ́ fúnra wọn. Bọ̀ọ̀dá mi gbé e lọ. Máníjà ka ojú ewé àkọ́kọ́, ó bi í pé ta ló kọ ọ́. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, yunifásítì ló wà." Ó ní kó kí mi. Ó fún wọn ní aago mẹ́fà sí mẹ́jọ ààbọ̀. Ìdajì wákàtí yẹn ṣì ń dùn mí, àmọ́ ẹni tó ń tọrọ kì í wọn gàrí.

Ọdún náà ni iṣẹ́ títì Lagos sí Calabar bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan pàdánù gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ sétí òkun lọ́hùn-ún, ẹ rántí Landmark. Kọnkéré ni wọ́n fi ń ṣe títì náà. Ní Òkun Alfa, òkun ti gbé ilé àti ọ̀nà lọ láti ọdún pípẹ́. Èèyàn ń jẹ yanrìn látòkè, òkun ń jẹ ẹ́ nísàlẹ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin sì há sí àárín. Mallam ní òun ti ṣí kúrò lórí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bó bá di lẹ́ẹ̀kejì, Katsina ni òun ń lọ tààrà.

Jay-Jay padà sẹ́nu iṣẹ́ ní October 2024. Ọmọdé ló kọ́kọ́ ń gbé, ní ìrìn pẹ̀lẹ́, láti aago mẹ́fà sí mẹ́jọ ààbọ̀ nìkan. Bí aago bá ti lù, ilé. Nígbà tó fi máa di March, ó ti ń sáré díẹ̀díẹ̀.

Ní ọjọ́ Monday Àjíǹde, 21 April 2025, àwọn ọmọ ilé ẹṣin kejì gbé tẹ́tẹ́ wá. Ẹṣin méjì, láti ibi àwọn àpáta dé ibi ọkọ̀ apẹja, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ náírà fún ẹni tó bá jáwé. Àwọn àlejò ti yọ fóònù. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé Jay-Jay á gbà á, ẹṣin kejì ti dàgbà. Owó 300 level mi kò ju ìyẹn lọ púpọ̀, Bọ̀ọ̀dá mi sì wò mí, ó tún wo ibòmíràn. Ó ti gba ìdajì owó náà lọ́wọ́ wọn.

Mallam rìn lọ sí ìsàlẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó fi gìgísẹ̀ gún ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó rìn síwájú, ó tún gún un. Òṣùpá àbọ̀ ló wà lọ́run lọ́sẹ̀ yẹn, òkun kò fà tó, ilẹ̀ tó dára kò fẹ̀ ju ibi tí ẹṣin kan lè gbà lọ. Èkejì gbọ́dọ̀ gba inú gbígbẹ. Ó padà wá, ó ń gbọn yanrìn kúrò lẹ́sẹ̀.

"Ọ̀gá, ilẹ̀ ò sí lónìí."

Bọ̀ọ̀dá mi yọ owó lápò, ó kà á fún wọn, ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́rin, ó pé. Wọ́n hó lé e lórí. Ó di ìjánu Jay-Jay mú, ó sì fà á wọ inú omi.